Ọmọ ní sáíkọ́lọ́jì lòun fẹ́ kà: bí ẹ ṣe máa mú sọ́bújẹ́ẹ̀tì láti SS1

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi pè mí láti Ìjẹ̀bú-Òde lálẹ́ Fúráìdé kan, ó ní "Adúmáadán, ẹ má bínú o, wọ́n ti fún ọmọ yín ní fọ́ọ̀mù SS1, Mọ́ńdè ni wọ́n fẹ́ gbà á, wọ́n ní ká mú Science, Art tàbí Commercial, ọmọ dẹ̀ ní sáíkọ́lọ́jì lòun fẹ́ kà ní yunifásítì, èwo ni ká fàmì sí?" Mo ní ẹ má tíì fàmì sí nǹkan kan, màá ti Ṣàgámù wá láàárọ̀. Èmi ni mo ka kọ́ọ̀sì yẹn nínú ẹbí wa, èmi náà dẹ̀ ni fọ́ọ̀mù yẹn ti fìyà jẹ rí. Ohun tá a jọ ṣe ní Sátidé yẹn ni mo ń kọ síbí, ẹ tẹ̀ lé e bó ṣe wà.

Ìkíní: ẹ kọ́kọ́ mọ nǹkan tí ọmọ ń sọ

Mi ò tíì jókòó dáadáa tí ẹ̀gbọ́n mi fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní "sáíkọ́lọ́jì, ṣé kó lè máa mọ ohun tó wà nínú èèyàn ni, ṣebí iṣẹ́ babaláwo nìyẹn?" Ìyá àgbà ní tiwọn ní àwọn ò fẹ́ kí ọmọ àwọn lọ máa bá wèrè gbé. Ẹ̀rín pa mí, àmọ́ irú èrò bẹ́ẹ̀ ló máa ń ba fọ́ọ̀mù jẹ́. Ẹni tó bá gbà pé ọ̀rọ̀ sísọ àti ojú wíwò lásán ni, Art ló máa fàmì sí, á wá sá fún gbogbo nǹkan tó ní nọ́ńbà nínú, ó di 200 level kó tó mọ̀ pé nọ́ńbà ń dúró de òun níwájú. Ìwà èèyàn ni wọ́n ń wọ̀n níbẹ̀: wọ́n á ní ìbéèrè kan, wọ́n á kó èèyàn jọ, wọ́n á dán wọn wò, wọ́n á ka ohun tí wọ́n rí, wọ́n á ṣírò rẹ̀. Láábù sáíkọ́lọ́jì ni ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ Wilhelm Wundt ṣí ní Leipzig, ní Jámánì, lọ́dún 1879, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ka ìbẹ̀rẹ̀ kọ́ọ̀sì náà títí dòní.

Ẹ wá bi ọmọ léèrè bóyá oògùn ló fẹ́ máa kọ fún aláìsàn. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, dókítà lẹ ń wí yẹn, psychiatrist. Adéoyè Lambo tó mú kí àwọn aláìsàn máa gbé lábúlé pẹ̀lú èèyàn wọn ní Aro, Abẹ́òkúta, láti 1954, dókítà ìṣègùn ni. Ọmọ tó bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, Medicine ló máa kọ́kọ́ kà, English, Physics, Chemistry àti Biology ló máa fi ṣe JAMB, kò sí àríyànjiyàn, ẹ fàmì sí Science kẹ́ ẹ lọ sùn.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì tí wọ́n máa ń dà pọ̀ mọ́ ọn ni ti àwọn tó ń gba ọmọ ilé ìwé nímọ̀ràn. Èyí tó jọ ọ́ wà nítòsí wa, Counselling Psychology ní TASUED, Ìjagun, àmọ́ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ tíṣà nìyẹn wà. Sáíkọ́lọ́jì tí mò ń sọ, abẹ́ Social Sciences lẹ máa bá a ní OOU Àgọ́-Ìwòyè, bẹ́ẹ̀ náà ni ní UI, ní UNILAG, ní OAU. Ẹ di ọ̀rọ̀ Social Sciences yẹn mú, mò ń padà bọ̀ wá sórí rẹ̀.

Ìkejì: ẹ fi bírò mẹ́rin dán ọmọ wò

Kí ọmọ wá bírò búlúù, pupa, dúdú àti gíríìnì. Kó mú bébà méjì, kó kọ orúkọ àwọ̀ ogún sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lórí bébà àkọ́kọ́, bírò pupa ni kó fi kọ "pupa", dúdú ni kó fi kọ "dúdú". Lórí ìkejì kó dà á rú, kó fi bírò búlúù kọ "pupa", kó fi gíríìnì kọ "dúdú", bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Kó wá gbé e fún èèyàn, kó ní kí onítọ̀hún pe àwọ̀ bírò, kó má pe ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀, kó fi fóònù ka sẹ́kọ́ńdì tó gbà á lórí bébà kọ̀ọ̀kan. Kó ṣe é fún èèyàn mẹ́wàá ó kéré tán. Kó wá ṣírò mean ti bébà kìíní àti ti ìkejì, ìyẹn ni pé kó ro gbogbo sẹ́kọ́ńdì pọ̀, kó pín in sí iye èèyàn tó ṣe é, kó wò ó bí wọ́n ṣe jìnnà síra tó. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Stroop ló gbé irú rẹ̀ jáde lọ́dún 1935, ọmọ sáíkọ́lọ́jì tí kò ṣe é rí ṣọ̀wọ́n.

Nílé wa, gbogbo wa la ń kọsẹ̀ lórí bébà ìkejì, ẹ̀gbọ́n mi tó ń fọ́nnu ń pe pupa níbi tí búlúù wà, wọ́n tún ń bínú sí bébà. Àfi ìyá àgbà. Bébà méjèèjì, bákan náà ló ṣe rí lẹ́nu wọn, wọn ò kánjú, wọn ò ṣì í. Ọmọ wo ìwé tó ń kọ ọ́ sí títí, ó wá ní "Àǹtí, ṣé torí Màmá ò lè kà á ni, tí ọ̀rọ̀ yẹn ò fi dí wọn lọ́wọ́?" Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e jó. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ náà nìyẹn, ẹni tó mọ̀wé ò lè ṣe bíi pé kò ka ohun tó rí, ọpọlọ rẹ̀ ti kà á kó tó gbàṣẹ.

Ìyẹn lẹ máa wò lára ọmọ yín o. Tó bá jẹ́ eré yẹn nìkan ló dùn mọ́ ọn, tó dẹ̀ sá nígbà tí ìṣirò dé, ẹ jẹ́ ká jọ sọ̀rọ̀ síwájú sí i kẹ́ ẹ tó náwó. Tó bá ń bèèrè ìdí tí ti ẹnì kan fi yàtọ̀, ẹ máa bá mi bọ̀.

Ìkẹta: Maths, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn yín

Lóṣù October 2025 ìjọba àpapọ̀ kéde pé ọmọ Art lè wọ yunifásítì láì ní credit nínú Maths, ìròyìn yẹn yí gbogbo WhatsApp po, ọ̀pọ̀ ọmọ ti pa ìwé Maths dé. Ibi tí mo ní kẹ́ ẹ di ọ̀rọ̀ Social Sciences mú nìyí. Ìkéde yẹn ò kan Social Sciences, Maths ṣì wà níbẹ̀ dandan, kódà ọmọ Art gan-an ṣì gbọ́dọ̀ fi orúkọ sílẹ̀ fún un nínú WAEC. Nítorí náà tí ọmọ yín bá ń lọ kíláàsì Art torí sáíkọ́lọ́jì, kò gba ìdásílẹ̀ kankan. C6 ni credit ti bẹ̀rẹ̀, D7 kì í ṣe credit, ẹni tó bá ní D7 nínú Maths máa padà lọ jókòó fún NECO tàbí fún WAEC ọdún tó ń bọ̀.

Kẹ́ ẹ wá mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo Maths ló ní wàhálà. Èyí tí yunifásítì máa lò jù ni apá tí ọmọ ilé ìwé fẹ́ràn láti fò: mean, median, standard deviation (bí nọ́ńbà ṣe jìnnà sí mean tó), probability, bí wọ́n ṣe ń ka gíráàfù. Tíṣà máa ń fi wọ́n sí ìparí táàmù, àkókò á ti lọ, wọ́n á sáré kọjá lórí ẹ̀. Orí wọn ni statistics tí a ń kọ́ nínú sáíkọ́lọ́jì dúró lé, nígbà tó bá di ọdún ìkẹyìn tí ọmọ fẹ́ ṣe projẹ́ẹ̀tì, á pín ìwé ìbéèrè fún èèyàn, á kó ìdáhùn wọn sínú kọ̀ǹpútà, á wá rí i pé standard deviation tó fò ní SS2 ló ń wo òun lójú. Tẹ́ ẹ bá máa sanwó lẹ́sìnnì kan ṣoṣo, Maths ni kẹ́ ẹ san án fún, ẹ sọ fún tíṣà lẹ́sìnnì pé kó má fi statistics sílẹ̀.

Further Maths ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n mi bi mí bẹ́ẹ̀, torí ó dùn létí. Ó wúlò lóòótọ́, correlation (bí nǹkan méjì ṣe ń bá ara wọn rìn) wà níbẹ̀, àmọ́ kò pọn dandan, ọmọ tó ń gba 60 nínú Maths lásán á kàn fi gbá ara ẹ̀ mọ́lẹ̀ ni. Ẹni tó bá ń gba 80 sókè ni kó mú un.

Ìkẹrin: Biology, ibí lọ̀rọ̀ ti kàn mí

Nígbà tèmi, Art ni mo ṣe, ní ilé ìwé kan tí mi ò ní dárúkọ. Mo fẹ́ràn Literature bí ojú, wọ́n dẹ̀ to tímù-téébù báyìí pé tí Art bá wà nínú Literature, Biology ni Science ń ṣe. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi pé ó yẹ kí n bèèrè. Mo wọ yunifásítì, kọ́ọ̀sì kan dé tó jẹ́ kìkì ọpọlọ àti iṣan, neuron (sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé iṣẹ́ ọpọlọ káàkiri ara), hormone, bí ojú ṣe ń ríran, bí ara ṣe ń jogún nǹkan látọ̀dọ̀ òbí. Àwọn tó ṣe Biology ń mi orí bíi pé wọ́n pàdé ará ilé wọn. Èmi ń ya àwòrán neuron lálẹ́, mò ń sunkún. Ìwé Biology SS2 ti àbúrò mi ni mo padà gbé lọ sí hostel, ojú ń tì mí, mo fi bébà kàlẹ́ńdà bò ó lára kí wọ́n má rí orúkọ rẹ̀.

Nervous system, reflex, hormone, ojú àti etí, genetics, gbogbo wọn ló wà nínú Biology tí WAEC ń ṣe. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kíláàsì yòówù kí ọmọ wà, kó mú Biology. Ọ̀pọ̀ ilé ìwé ló ń gba ọmọ Art láàyè láti ṣe é, ẹ kàn máa bèèrè ni. Ohun mẹ́ta lẹ máa wò níbẹ̀: tímù-téébù, kí Biology má forí gbárí pẹ̀lú sọ́bújẹ́ẹ̀tì míì tí ọmọ mú, bóyá tíṣà Biology wà ní tòótọ́ tàbí corper tó ń lọ lóṣù méjì sí i ni, àti láábù, torí práktíkà wà nínú ìdánwò WAEC, ọmọ tí kò fọwọ́ kan máíkíróskóòpù rí á kàn máa méfò ni. Ẹ lọ fojú ara yín rí láábù náà, ẹ má gba "a ní láábù" lẹ́nu. Mo ti rí láábù kan rí tó jẹ́ pé àga tó ti ṣẹ́ ni wọ́n ń kó síbẹ̀.

Ìkarùn-ún: ẹ wá yan kíláàsì

Ó kéré jù sọ́bújẹ́ẹ̀tì mẹ́jọ ni ọmọ máa fi ṣe WAEC, ó pọ̀ jù mẹ́sàn-án. English, Maths àti trade subject tí ilé ìwé ní, àwọn yẹn ò ṣe é bá jà. Biology, mo ti sọ. Àwọn tó kù lẹ máa yàn.

Ẹ gbé result JSS3 ọmọ síwájú, kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ fẹ́ kó gbà o, èyí tó gbà. Tí Maths àti Basic Science bá dáa, tí kò dẹ̀ kórìíra kẹ́míkà, ẹ jẹ́ kó lọ Science, kó fi Economics tàbí Government kún un bí ilé ìwé bá gbà. Àǹfààní Science ni pé tó bá yí ọkàn padà ní SS2, tó ní Nursing tàbí Medicine ni, ilẹ̀kùn ṣì ṣí sílẹ̀. Àmọ́ ẹ má tì í síbẹ̀ torí orúkọ. Nílùú wa níbí ọmọ Science ni gbogbo ìyá fẹ́ fi yangàn lọ́jọ́ Ojúde Ọba, F9 nínú Physics ò dẹ̀ ní dùn ún wò lára aṣọ òkè. Sáíkọ́lọ́jì ò béèrè Physics lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Credit nínú Government dára ju E8 nínú Physics lọ fún un.

Tó bá jẹ́ ọmọ tó mọ̀wé kọ, tó ń kàwé ìtàn, tí Maths rẹ̀ wà láàárín, Art pẹ̀lú Biology àti Economics ni mo fọwọ́ sí. Economics á kọ́ ọ ní gíráàfù àti téébù, Literature á kọ́ ọ láti wo èèyàn, láti ṣàlàyé ìdí tí ẹnì kan fi hùwà báyìí, ìwé ńlá ńlá la dẹ̀ máa ń kọ nínú sáíkọ́lọ́jì, ẹni tí English rẹ̀ ò dúró máa jìyà. Commercial? Kò burú tí Biology bá lè wọ inú rẹ̀, àmọ́ ó sábà máa ń ṣòro. Yorùbá, ẹ jẹ́ kó ṣe é, ẹni tó fẹ́ fọ̀rọ̀ wá àwọn ìyá ọjà lẹ́nu wò ní Òkè-Àjé ò ní lè fi gírámà bá wọn sọ̀rọ̀.

Ti ọmọ tiwa: English 74, Maths 62, Basic Science 58. Art pẹ̀lú Biology la mú.

Ìkẹfà: ẹ ṣí IBASS kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i

IBASS ni ibi tí JAMB kó ohun tí yunifásítì kọ̀ọ̀kan ń béèrè sí, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló wà, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ wá Psychology, ẹ wo yunifásítì mẹ́ta: èyí tó wù yín, èyí tó súnmọ́ ilé, àti èyí tó jẹ́ ti aládàáni bí agbára bá ká a. Ẹ kọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń béèrè sílẹ̀, ti O'level lọ́tọ̀, ti JAMB lọ́tọ̀, torí nǹkan méjì ni. O'level, credit márùn-ún ni, ẹ wo bóyá wọ́n gba ìjókòó méjì. JAMB, sọ́bújẹ́ẹ̀tì mẹ́rin, English dandan, máàkì 400 ni gbogbo ẹ̀. Mẹ́ta tó kù, yunifásítì kan lè béèrè ohun tí èkejì ò béèrè, ẹ wá mú èyí tó bá gbogbo wọn mu. Tẹ́ ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọ á kàn lọ ṣe JAMB pẹ̀lú ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú, wọ́n á ní kó lọ ṣe change of course, owó tún nìyẹn. Ẹ dẹ̀ tún un wò ní SS3, wọ́n máa ń yí i padà.

Ọjọ́ orí náà: ọmọ gbọ́dọ̀ tó 16 kó tó wọlé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fo kíláàsì fún ọmọ, ẹ ṣe jẹ́jẹ́.

Ìkeje: fún ẹni tó fẹ́ gba ọ̀nà A-level, àti àwọn ará wa lókè òkun

WAEC ò ṣe Psychology fún wa, nítorí náà kò sí "advanced" tẹ́ ẹ lè mú ní SS. Ẹni tó bá fẹ́ nǹkan tó jù bẹ́ẹ̀ lọ lè ṣe JUPEB tàbí IJMB lẹ́yìn SS3, sọ́bújẹ́ẹ̀tì mẹ́ta ni, ó lè fi gba Direct Entry wọ 200 level, fọ́ọ̀mù rẹ̀ ṣì ń gba ọwọ́ JAMB kọjá. Ọ̀nà kan náà ni ìmọ̀ràn mi ń tọ̀: kí Biology tàbí Maths wà nínú mẹ́ta yẹn, kí ọ̀kan jẹ́ èyí tí wọ́n ń kọ ìwé gígùn fún, bíi Government tàbí Literature. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ yunifásítì tẹ́ ẹ ń lọ kẹ́ ẹ tó sanwó, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹni tó ń ta fọ́ọ̀mù.

Ìbátan wa kan wà ní Houston tó gbọ́ pé à ń ṣe ìpàdé, ó ní ọmọ tòun náà fẹ́ kà á, AP Psychology ni wọ́n fún un ní ilé ìwé (AP ni kọ́ọ̀sì ìpele yunifásítì tí ọmọ sẹ́kọ́ńdírì ń ṣe ní Amẹ́ríkà), ṣé ìyẹn nìkan ti tó? Mo ní kó dára, kó mú un, àmọ́ kó fi AP Statistics àti AP Biology kún un bó bá lè gbé e, kì í ṣe lọ́dún kan náà ṣá. AP Psychology yẹn gan-an, láti 2024 tí wọ́n ti tún un tò sí apá márùn-ún, ọpọlọ àti ara ni apá kìíní. Ìdánwò rẹ̀ máa ń wáyé lóṣù May, ìbéèrè àṣàyàn 75 àti méjì tí wọ́n máa ń kọ, méjèèjì tí wọ́n ń kọ yẹn dẹ̀ jẹ́ kí ọmọ ka ìwádìí tí ẹlòmíràn ṣe kó sọ ohun tó rí níbẹ̀. Ẹni tí kò gbọ́ statistics rí á jókòó síwájú rẹ̀ bí ẹni ń wo fíìmù Ṣáínà láìsí àkọlé. Máàkì rẹ̀ 1 dé 5 ni, yunifásítì kọ̀ọ̀kan ló ń sọ iye tó máa gbà.

Ìkẹjọ: ẹ lọ rí ilé ìwé fúnra yín

Ẹ má fi fọ́ọ̀mù rán ọmọ. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ sórí fóònù, kẹ́ ẹ wá gbé e lọ bá vice principal tàbí ẹni tó ń to tímù-téébù, kẹ́ ẹ ní kó fi tímù-téébù SS1 hàn yín. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́ ní SS1 ni wọ́n ṣì máa ń gbà kí ọmọ yí sọ́bújẹ́ẹ̀tì padà, lẹ́yìn náà, àlàyé á gùn. Wọ́n ń kó máàkì kíláàsì ọmọ ránṣẹ́ sí WAEC, ẹ ò lè jí ní SS3 kẹ́ ẹ ní Biology lẹ fẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi lọ ní Mọ́ńdè. Wọ́n ní Literature ò forí gbárí pẹ̀lú Biology, àmọ́ CRS forí gbárí, kí ọmọ fi ọ̀kan sílẹ̀ kó máa lọ jókòó pẹ̀lú àwọn Science ní píríọ́ọ̀dù yẹn. Wọ́n pè mí láti ọgbà ilé ìwé, mo ní ẹ fi CRS sílẹ̀. Ìyá àgbà gbọ́ ọ lórí fóònù, inú wọn ò dùn rárá, wọ́n ní láti ọ̀sẹ̀ yẹn, agogo márùn-ún ìdájí, àwọn á máa jí i kó wá ka Bíbélì sí àwọn létí, àti pé Sáàmù ni wọ́n máa fi bẹ̀rẹ̀.